Rìwáyà tó bá mi tún earth jet-ski mi ṣe n'Iléṣà, ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣe é

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ní jet-ski tàbí ọkọ̀ ojú omi kékeré èyíkéyìí tó ń lo bátìrì, kó fara balẹ̀ ka èyí, torí ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì tún ni. Rìwáyà kan wà níbí n'Iléṣà, lápá Ìmọ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò tóbi, kò sí sáìńbọ́ọ̀dù ńlá kankan níwájú ẹ̀, iṣẹ́ tó sì máa ń ṣe jù ni ti kòròpé, ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀. Ọkùnrin yìí ló wá ìdí ohun tó ti ń da jet-ski wa láàmú láti ọdún tó kọjá, ìyẹn wáyà earth tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ó wá a débi tó fara pamọ́ sí, ó tún un ṣe, kò sì ta nǹkan kan fún mi tí mi ò nílò. Ìyẹn nìkan ti tó kí n wá kọ nǹkan nípa ẹ̀, àmọ́ bó ṣe ṣe é gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rò ó pé kí ni jet-ski ń wá n'Iléṣà níbi tí ò sí òkun tí ò sí ọ̀sà. Èkó la ti ń lò ó, èmi àti àbúrò mi, à ń fi gbé àwọn èèyàn ṣeré ní Tarkwa Bay, ìgbà míì a máa ń gbé e lọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá pè wá sóde. Tí òjò bá ti wọlé dáadáa, òde máa ń dín kù, owó ibi tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú ẹ l'Èkó ò sì dín kù ní tiẹ̀, la bá pinnu pé ká kúkú máa fi tírélà wọ́ ọ wá sílé, ká gbé e sí ọgbà bàbá wa. Yamaha WaveRunner VX ni, tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì four-stroke tó jẹ́ 1052cc, ẹ́ńjìnnì tó lágbára tó sì ní sùúrù, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tó o bá tẹ start, á kàn dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, kò ní yí. Tó o bá tún un tẹ̀, bóyá á yí, bóyá kò ní yí. Ìgbà míì tó o bá tẹ̀ ẹ́, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á kú pátá, á tún tàn padà bíi pé NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná dé. Tá a bá wà lórí omi, á máa ké pé iná bátìrì ti lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì tuntun la fi sí i. Ọjọ́ kan ló kú mọ́ oníbàárà kan nídìí láàárín omi, àbúrò mi ló fi òmíì lọ wọ́ ọ wá sétí omi. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa yìí mọ̀ pé nǹkan tó ń ba èèyàn lẹ́rù nìyẹn, torí omi ò mọ ọmọ ẹnì kankan.

Mẹkáníìkì kan l'Èkó ní bátìrì ni, a ra bátìrì. Ó tún ní kíkísítátà ni, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tú u, kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ ṣì wà dáadáa, wọ́n dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ brain box, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ká máa múra sílẹ̀ láti ra brain box, èyí tí owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ọ̀kadà. Ibẹ̀ la ti dá a dúró. Nínú gbogbo rẹ̀ ṣá, mi ò rí i kó gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lé nǹkan kan lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tó ń dùn mí nìyẹn títí di òní. Kéèyàn máa fi owó olówó dán nǹkan wò, kò dáa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa kòròpé ló júwe ọ̀gá yìí fún mi. Nígbà tá a wọ́ tírélà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ ló dìde wá wò ó, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá náà dúró, ọ̀gá fúnra ẹ̀ rọra wá ni. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Ẹ kú ọ̀nà o. Omi iyọ̀ lẹ ń lò ó sí ni àbí omi odò?" Mo ní òkun ni, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣí ìjókòó ẹ̀ sílẹ̀ ná, kí afẹ́fẹ́ wọbẹ̀." Mo bi í pé kí ló dé, ó ní irú nǹkan báyìí, inú ẹ̀ dé pa, tí epo bá kán díẹ̀ síbẹ̀ òórùn ẹ̀ ò ní ríbi jáde, tí sípánà bá wá ta iná pẹ́rẹ́ lórí bátìrì, ọ̀rọ̀ ti di ti fáyà bìrìgéèdì nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń tún kòròpé ṣe ló ń sọ èyí o. Ẹni tó ń pe ara ẹ̀ ní ọ̀gá jet-ski l'Èkó, tààrà ló máa ń fi sípánà kàn án.

Lẹ́yìn tó ti gba afẹ́fẹ́ dáadáa ló wá gbé mítà ẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ apá yìí, torí òun gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ó kọ́kọ́ wọn bátìrì, 12.6 volt, ó ní bátìrì yín dáa. Ó wá ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ start, mítà ṣì wà lórí bátìrì, ó dún "kẹ́" bó ṣe máa ń dún, nọ́ńbà ojú mítà kàn sún sí 12.1, kò já wálẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, tó bá jẹ́ pé bátìrì ló kú ni, nọ́ńbà yìí ìbá ti já wálẹ̀ gbì. Bátìrì ṣe tán láti gbé iná lọ, ọ̀nà ni kò rí." Ó wá fi ẹnu wáyà dúdú ti mítà sórí negative bátìrì, ó fi ẹnu pupa sí ara ẹ́ńjìnnì gan-an, níbi tí irin ti hàn, tí ò sí ọ̀dà. Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. 5.2 volt ló wà lójú mítà, mo fi ojú ara mi rí i. Láàárín ibi méjì tó yẹ kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà o, tó yẹ kí mítà sún mọ́ òdo! Ó ní tó bá ti kọjá 0.5 nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ start, wáyà earth yín ti ń jẹ iná. "Kíkísítátà ń retí 12, ẹ ti gba 5 lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí ò dìde." Ó tún wọn ti apá positive náà, látorí bátìrì dé orí kíkísítátà, 0.2 péré, ìyẹn ò ní wàhálà. Gbogbo èyí ò tó àkókò téèyàn máa fi jẹ iyán tán, ọ̀rọ̀ tá a ti ń fi owó wá kiri láti ọdún tó kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wá ní, "Ọ̀gá, mo ti fi beep ti mítà wò ó, ó dún, wáyà yẹn ò já." Inú mi dùn sí bí ọ̀gá ṣe dá a lóhùn, kò jágbe mọ́ ọn, ó pè é sún mọ́ra. Ó ní, "Á dún. Tó bá ku ẹyọ okùn kan ṣoṣo nínú ẹ̀, á dún, torí iná tí beep ń lò ò tó nǹkan kan. Kíkísítátà lè fẹ́ iná tó sún mọ́ 100 amps. Ìgbà tí wáyà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kó o máa wọ̀n ọ́n." Ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara ẹ̀ tún un wọ̀n níwájú wa kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ báyìí, èmi lè fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n sì lọ sùn.

Ó wá yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀, torí ibi tí ọ̀pọ̀ rìwáyà mọ́tò ti máa ń ṣìnà lórí jet-ski nìyí. Nínú mọ́tò, bọ́dì mọ́tò fúnra ẹ̀ ni earth, irin ni látòkèdélẹ̀, ibikíbi tó o bá de wáyà dúdú mọ́, iná á rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Fáíbà ni ara jet-ski, iná ò lè gba inú fáíbà kọjá. Nítorí náà, gbogbo ohun tó ń lo iná lórí ẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù o, pọ́ńpù epo o, sensor o, kíkísítátà o, wáyà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi padà sílé, wáyà ńlá kan wá ti orí negative bátìrì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì. Tí wáyà ńlá yẹn tàbí bóòtù tó dè é bá ti ń ṣe ségesège, gbogbo nǹkan ló máa jọ máa ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, tó jẹ́ pé ẹni tí ò mọ ìdí ẹ̀ á ní brain box ni. Jet-ski tún máa ń gbọn púpọ̀ lórí ìgbì, bóòtù ń rọra tú láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀. Omi iyọ̀ wá ni olórí ọ̀tá. Ara ẹ́ńjìnnì jẹ́ aluminium, ẹnu wáyà jẹ́ bàbà, bóòtù jẹ́ stainless, tí omi iyọ̀ bá ti wọ àárín irin mẹ́ta tí wọn ò jọra yìí, àwọn fúnra wọn á di bátìrì kékeré, aluminium ni wọ́n sì máa jẹ.

Kó tó tú ohunkóhun, negative ló kọ́kọ́ yọ lórí bátìrì, lẹ́yìn náà ló yọ positive. Nígbà tó ń dá wọn padà lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́, positive ló kọ́kọ́ dè, negative ló gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ di èyí mú, torí tí sípánà yín bá wà lórí positive tó sì kan ẹ́ńjìnnì nígbà tí negative ṣì wà lójú ẹ̀, iná tó máa ta níbẹ̀ ò kéré.

Wáyà ọ̀hún wá jáde. Lójúde, kò sí nǹkan tó ṣe é rárá o, rọ́bà dúdú ara ẹ̀ ń dán, ẹnu irin ẹ̀ rí bó ṣe yẹ kó rí, èmi náà ìbá fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Ó fi bíléèdì la rọ́bà tó wà lẹ́nu ẹ̀, lulẹ̀ ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé dà sílẹ̀. Inú ẹ̀ ti dúdú, okùn bàbà mélòó kan ti jẹ tán, wọ́n ń já sí ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ó gé e sókè díẹ̀, ó ṣì dúdú. Ó tún gé e sókè, dúdú. Ó ní omi iyọ̀ tó bá ti wọ ẹnu wáyà, á máa rọra fà gòkè láàárín àwọn okùn yẹn fúnra ẹ̀, rọ́bà òde á sì máa dán lọ ní tiẹ̀. Nígbà tó gé e débi pé ó ti fẹ́ kúrú jù láti dé ẹ́ńjìnnì, ó jù ú sílẹ̀, ó ní wáyà tuntun ni, kò sí àbùlẹ̀.

Ibí ni ìdúró wa ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà tó fẹ́ lò ò sí n'Iléṣà. Ó lè fi wáyà bátìrì mọ́tò ṣe é, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ rẹpẹtẹ, ó sì lè gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ mi kí n máa lọ. Ó ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, wáyà bàbà tí wọ́n fi tin bo okùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lòun fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi, torí pé bàbà lásán ò ní pẹ́ kó tún di ìyẹ̀fun. Ó fóònù ẹnì kan l'Èkó, wọ́n fi wébìlì ránṣẹ́ nípasẹ̀ mọ́tò, ó sì pẹ́ ju bó ṣe sọ fún mi lọ. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn bò mọ́lẹ̀: ọjọ́ tó dá fún mi kọjá, èmi ni mo ń pe òun, òun ò pè mí. Tó bá jẹ́ pé a ní òde lọ́wọ́ ni, inú mi ìbá bàjẹ́ gan-an. Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá rí èyí kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe oníbàárà tí nǹkan bá yí padà.

Wáyà dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara ẹ́ńjìnnì níbi tí bóòtù wọ̀ ló kọ́kọ́ kojú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí tí aluminium ibẹ̀ fi funfun báláú, ó nu ihò bóòtù náà mọ́. Ẹnu wáyà tuntun, ẹ̀rọ ló fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ pọ́ńpù, kò fi òòlù lù ú, kò sì fi léèdì jó o. Mo bi í nípa léèdì yẹn torí ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn rìwáyà nìyẹn. Ó ní léèdì máa ń jẹ́ kí wáyà le gbagidi níbi tó bá parí sí, ojú ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń já sí tí jet-ski bá ń fò lórí ìgbì. Lẹ́yìn náà ló gbá wáyà yẹn mú, ó fi gbogbo ara fà á, òun lápá kan, ọmọ iṣẹ́ lápá kejì, kò mì. Ó wá fa rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó lẹ́nu, ó fi iná afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ́ ọ títí gọ́ọ̀mù fi rú jáde létí méjèèjì. Gọ́ọ̀mù tó rú jáde yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ ò bá rí i, omi á ríbi gbà wọlé.

Gírísì ló wá kàn, dielectric grease, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi í sáàárín ẹnu wáyà àti irin kí wọ́n tó dè é. Ọ̀gá ní gírísì yẹn kì í gbé iná, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dènà omi. Irin gbọ́dọ̀ kan irin, ó de bóòtù náà le pẹ̀lú wáṣà oníyín, ó wá fi gírísì kun òkè àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn tó ti dè é tán. Ó tún tú gbogbo wáyà earth kéékèèké tó kóra jọ sójú kan, ó fọ ẹnu wọn, ó pààrọ̀ ẹnu méjì tó ti ń sọ àwọ̀ ewé, ó fa àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ, ó fín contact cleaner, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹnu wáyà, sí wọn. Mi ò sọ fún un pé kó ṣe ìyẹn. Ó ní kò sí bóun ṣe máa tún ẹnu ọ̀nà ṣe kóun fi fèrèsé sílẹ̀.

A tẹ start. Kò sí "kẹ́" mọ́, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà! Ó tún wọn earth yẹn nígbà tó ń yí, 5.2 ìjọsí ti di 0.1. Rọ́bà omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti wà lójú ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún ètò: ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dìde kó tó ṣí omi, nígbà tó sì fẹ́ pa á, omi ló kọ́kọ́ tì kó tó pa ẹ́ńjìnnì, kí omi má bàa kún ọ̀nà èéfín ẹ̀. Èmi ni mo sọ ìyẹn fún un, ó gbọ́, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Iná tó ń padà sínú bátìrì lé díẹ̀ ní 14 volt. Kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ilẹ̀.

Owó ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ₦25,000. Wáyà, ẹnu wáyà, rọ́bà àti owó wébìlì, ₦22,000. Mo ná an díẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà lèmi náà, ó bù kékeré kúrò, kò bínú. Tẹ́ ẹ bá rántí iye tí bátìrì àti ìtúkatú kíkísítátà ti gbà lọ́wọ́ wa l'Èkó, ẹ máa mọ̀ pé owó yìí ò pọ̀. Kì í fún èèyàn ní rìsíìtì àfi tó o bá bèèrè, mo bèèrè, ó kọ ọ́ dáadáa, ó kọ nọ́ńbà mítà tó rí kó tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó rí nígbà tó parí síbẹ̀. Wáyà àtijọ́ náà, ó dì í fún mi sínú ọ̀rá.

Ibi tí mo máa ti yọ máàkì ẹ̀: ibẹ̀ máa ń kún, kòròpé á dí ojú ọ̀nà, kò síbi téèyàn lè jókòó sí tí oòrùn ò ní pa á, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ fóònù. Ìdúró wébìlì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà wà ńbẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, mi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀, máàkì tó ga jù ni mo fún un. A ti gbé e padà sójú omi lẹ́yìn ìgbà yẹn, Tarkwa Bay pẹ̀lú iyọ̀ ibẹ̀, àti Ẹ̀pẹ́, dáṣíbọ́ọ̀dù ò ṣẹ́jú rí, igbe bátìrì yẹn ò sì wá mọ́. Àbúrò mi ti ra mítà tiẹ̀, lóṣooṣù ló ń fi wọn earth bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa, tá a bá sì ti òkun dé, omi tí ò níyọ̀ la fi ń fọ̀ ọ́, a rọra ń da omi sí inú ẹ̀ náà, a ó gbọ́n ọn jáde, a ó ṣí ìjókòó sílẹ̀ kó gbẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ tètè dé láàárọ̀ kí kòròpé tó gba iwájú ibẹ̀, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá ń ti Èkó bọ̀, ẹ kúkú ra wáyà tí wọ́n fi tin bò yẹn dání kẹ́ ẹ má bàa dúró bí mo ṣe dúró. Ẹ fi bátìrì gba iná kó kún kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ má sì gbàgbé okùn pupa tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́, torí tí kílíìpù ẹ̀ ò bá sí lójú ẹ̀, jet-ski ò ní gbà kí wọ́n tẹ start, ọ̀gá ò sì ní lè wọn nǹkan kan fún yín.